Adájọ́ Eléyín Méjì

Ajé, 4 Èbìbí

Ọmọ mi pé ọdún kan lánàá. Eyín méjì péré ló ní, méjèèjì wà nísàlẹ̀. Adájọ́ ni màá máa pè é níbí, nítorí bó ṣe máa ń wo oúnjẹ títí kó tó dá ẹjọ́ rẹ̀.

Lónìí a gbé e lọ sórí ìwọ̀n. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó tún un wò. Ọmọ ò wúwo ju bó ṣe rí lóṣù méjì sẹ́yìn lọ. Ó ní kí ló ń jẹ? Olùkọ́ — ìyàwó mi, ọmọ ilé ìwé ló ń kọ́ — ní ọmú ni, àti ìrẹsì tí a lọ̀ kúnná bí omi. Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn tó gẹ́ẹ́. Ohun tí ilé ń jẹ ni kí ọmọ náà máa jẹ: kó rọ̀, ká gé e wẹ́wẹ́, kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Mo ní eyín dà? Ó ní erìgì tí eyín ń gbà hù le ju bí mo ṣe rò lọ, kí n ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu wò. Ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ìwọ̀n ò bá gòkè, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn.

Olùkọ́ gbé ọmọ mọ́ àyà títí a fi délé.

Ìṣẹ́gun, 5 Èbìbí

Mo ti ìka bọ̀ ọ́. Ó gé mi jẹ. Erìgì le lóòótọ́.

Ọjọ́rú, 6 Èbìbí

Ọ̀dùnkún bíbọ̀, gígé gbọọrọ bí ìka. Adájọ́ fọwọ́ kàn án, ó wo ojú mi, ó jù ú sílẹ̀. Ẹjọ́ parí. Kárọ́ọ̀tì tó rọ̀ — ìyẹn dé ẹnu, ó kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò fún ní omi, lẹ́yìn náà ó yọ́ bọ́ sórí aṣọ mi.

Màmá mi ní ṣé a fẹ́ kí nǹkan há ọmọ lọ́fun ni. Ẹni tí kò léyín, oúnjẹ lílọ̀ ni tirẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ tán, wọ́n gbé àwo tiwọn, wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn látọdún tó kọjá, tí dókítà ti yọ eyín wọn tán. Èjí wọn bá a lọ. Èjí yẹn! Kí bàbá mi tó kú, kò pè wọ́n lórúkọ míì ju Eléjí lọ. Ní báyìí Màmá kì í jẹun níwájú ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rín bá sì pa wọ́n, ìborùn ni wọ́n fi ń bo ẹnu.

Ẹtì, 8 Èbìbí

Ọjọ́ burúkú. Mo fún un ní ẹyin sísè. Kò rún un, ó kàn fẹ́ gbé e mì bẹ́ẹ̀. Ó há. Ojú rẹ̀ pọ́n, ohùn ò jáde. Olùkọ́ já a gbà lọ́wọ́ mi, ó da ojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá, ó gbá a lẹ́yìn, gbá a lẹ́yìn — ẹyin jáde. Igbe jáde. Mi ò gbọ́ igbe tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá ò sọ pé ṣebí àwọn wí i. Ojú wọn ló ń sọ ọ́.

A ti padà sí oúnjẹ lílọ̀.

Àbámẹ́ta, 9 Èbìbí

Bí ọ̀rọ̀ bá sú mi, igi ni mo máa ń gé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, kí ni kí n ṣe? Àga gíga fún Adájọ́, kó lè bá wa dé tábìlì. Mo fi pépà ha gbogbo etí rẹ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi wò ó.

Àìkú, 10 Èbìbí

Mo gbé e gúnwà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni kankan nídìí tábìlì. Orí mi wú.

Ta ló ń jẹun nílé yìí níṣojú ọmọ? Ìsọ̀ ni mo ti ń jẹ tèmi, lórí ìdúró, nínú eruku igi. Olùkọ́ ń jẹ tirẹ̀ nílé ìwé. Ti Màmá, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni. Ọmọ la kọ́kọ́ máa ń bọ́, àgbàlagbà mẹ́ta á wá yí i ká, wọ́n á máa wo ẹnu rẹ̀. Kò rí ẹnu tó ń jẹun rí! Mi ò kí ń gbé ayùn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kí n wá dúró máa wò ó. Èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń rẹ́ igi kó rí i.

Ajé, 11 Èbìbí

Èmi àti Olùkọ́ jẹun níwájú rẹ̀. À ń yí ẹnu bí ewúrẹ́. Adájọ́ ti ìka bọ̀ mí lẹ́nu, ó tọ́ eyín mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tọ́ ẹnu ara rẹ̀ wò. Ó ta àwo nù. Ó jọ pé ó ń sọ fún mi pé, ìwọ ní irinṣẹ́, èmi ò ní.

Ọjọ́bọ̀, 14 Èbìbí

Kí n rọra kọ ọ́.

Mo gbé Adájọ́ dání, mò ń wá tépù tí mo fi ń wọn igi, mo sì ti ilẹ̀kùn Màmá láìkàn án. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, àwo wà lórí itan wọn. Kì í ṣe oúnjẹ lílọ̀ o. Ìrẹsì ni, ẹ̀wà, pẹ̀lú ẹja odidi. Erìgì ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, àgbọ̀n ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń yí, ó ń lọ geere. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Ti ìyá mi, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà.

Wọ́n rí mi, wọ́n fa ìborùn bo ẹnu. Ojú tì mí, mo fẹ́ yí padà. Àmọ́ Adájọ́ ń na gbogbo ara kúrò lápá mi. Ẹnu Màmá ló ń wò. Àgbọ̀n tirẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, sókè, sódò, láìsí nǹkan kan lẹ́nu.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bò ó. Ẹ jẹ́ kó rí i.”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n jẹ́ kí ìborùn bọ́. Wọ́n bu ẹja, wọ́n fọwọ́ yọ egungun inú rẹ̀ kúrò, wọ́n rọra ń jẹ ẹ́. Adájọ́ ti ọwọ́ bọ àwo. Ó mú ẹja. Ó fi sẹ́nu. Àgbọ̀n sókè, àgbọ̀n sódò. Ó lọ̀ ọ́, ó gbé e mì, ó la ẹnu — òfìfo. Ó tún na ọwọ́.

Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Màmá ní, “Ṣebí mo ti sọ fún ẹ pé kò nílò eyín.”

Ìyẹn kọ́ ni wọ́n sọ níjọ́sí, mo kàn rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, 15 Èbìbí

Ọ̀dùnkún. Kárọ́ọ̀tì. Àní ẹyin! Adájọ́ dá gbogbo wọn láre.

Àìkú, 17 Èbìbí

Wàhálà kan ló kù. Níwájú Màmá nìkan ló ń jẹun, nínú yàrá yẹn nìkan. A bẹ Màmá kí wọ́n bọ́ síta sí tábìlì. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ṣé kí ìyàwó ilé wá máa wo ihò ẹnu àwọn ni? Olùkọ́ kúnlẹ̀, ó ní ọmọ òun ni òun ń wò ní tòun, ó ti pẹ́ tí òun ti rí i tó yó.

Ọjọ́bọ̀, 21 Èbìbí

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ajé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìṣẹ́gun, àga Màmá dé ẹnu ọ̀nà. Àná, wọ́n dé tábìlì, pẹ̀lú ìborùn. Lónìí Adájọ́ na ọwọ́ tó kún fún ìrẹsì, ó di ìborùn mú, ó fà á wálẹ̀. Màmá wo ìborùn wọn tó ti bàjẹ́, wọ́n ká a, wọ́n jókòó lé e, wọ́n sì ń jẹun lọ.

Ajé, 25 Èbìbí

Ìwọ̀n gòkè! Nọ́ọ̀sì tún un wò, ó tún gòkè. Ó ní kí la ṣe? Kí n tó dáhùn, Màmá tó bá wa lọ ti la ẹnu gbàgà, wọ́n ń fi ìka hàn án pé erìgì ni, erìgì. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí, Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wọn ò wá ìborùn.

Ọjọ́bọ̀, 28 Èbìbí

Níbi oúnjẹ àárọ̀, ṣíbí kan nǹkan lẹ́nu Adájọ́, ó dún kọ̀. Olùkọ́ gbé ètè rẹ̀ sókè. Eyín méjì ti yọ lókè, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Àlàfo wà láàárín wọn, ó fẹ̀ tó kí ìrẹsì kan gba ibẹ̀ kọjá.

Màmá dìde lórí àga wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo ẹnu náà títí. Wọ́n wá pè é ní orúkọ tí mi ò gbọ́ nílé wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú.

“Eléjí.”

Adájọ́ gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ìrẹsì ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.