Ìbọn Tó Ń Wọn Iná àti Ìkòkò Hàjíyà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Iṣẹ́ ìkòkò alumíníọ̀mù wa ti kúrò ní Dilimi. Mo ti ní ṣẹ́ẹ̀dì tèmi ní Du, páànù tuntun, iléru méjì. Èmi tí mi ò kàwé kọjá praimárì fọ́ọ̀! Àwọn tó lọ yunifásítì ló ń wá bá mi wáṣẹ́. Ká ní ẹ wà láyé, ẹ máa ní kí n panu mọ́, ṣùgbọ́n inú yín á dùn.

Mo ra ìbọn kan. Kì í ṣe ti ọlọ́pàá o. Tí mo bá nà án sí nǹkan gbígbóná láti òkèèrè, tí mo fa ọwọ́ rẹ̀, á kọ bó ṣe gbóná tó sójú gíláàsì kékeré kan. Ojú yín ló jẹ́ kí n rà á. Gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi ń tẹjú mọ́ iná kẹ́ ẹ lè mọ ìgbà tí irin tó ó dà, iná ló jẹ ojú yín títí ó fi funfun. Mi ò fẹ́ kí tèmi rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ó máa ń ta yín nígbà yẹn? Ẹ ò sọ fún wa rí.

Hàjíyà kan wà ní Tudun Wada tó ń se oúnjẹ ìgbéyàwó. Ó ní kí n ṣe ìkòkò ńlá mẹ́wàá. Gbogbo àwọn tó ń se oúnjẹ níbẹ̀ ló ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, nítorí náà mi ò gbọdọ̀ já a kulẹ̀. Mo yọ́ alumíníọ̀mù, mo na ìbọn sí i. Ó kọ 480. Fóònù mi sì ti sọ fún mi pé ó gbọ́dọ̀ lé ní 700 ká tó dà á. Mo ní kí wọ́n tún fẹ́ná sí i. Málàm Ìdí, ọ̀rẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́, tó wà lọ́dọ̀ mi báyìí, káwọ́ lérí.

“Haba, yaro! Irin ti di omi, ìbọn rẹ ní kò tíì gbóná. Ta la fẹ́ gbà gbọ́ báyìí?”

Orí mi ti ń funfun, ó ṣì ń pè mí lọ́mọdé. Mo ní, “Málàm, kọ̀ńpútà kì í parọ́.” A fẹ́ná títí ká tó dà á.

Irin tó bá gbóná jù máa ń mu afẹ́fẹ́. Gbogbo ìkòkò yẹn ló ní ihò wẹ́wẹ́ nídìí. Hàjíyà bu omi sí ọ̀kan, ó ń kán tó, tó, tó.

“Kai! Ìkòkò ni mo ní kó o ṣe, o ṣe ajere fún mi!”

Ó ní tó bá di Jímọ̀ tí kò rí ìkòkò gidi, òun ń lọ bá ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ kejì mo jókòó ti ìbọn yẹn. Nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀ téèyàn máa ń yí sí irú ohun tó fẹ́ wò. Bí wọ́n ṣe tà á, 0.95 ló wà. Ìyẹn dáa fún ohun dúdú, bíi irin tó ti dípẹtà. Alumíníọ̀mù yíyọ́ ń dán bíi dígí, kì í tu ooru púpọ̀ síta, ni ìbọn bá ń rò pé ó tutù. Mo yá wáyà kan tó ń wọn ooru, tí wọ́n ń rì bọ inú irin fúnra rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ń tún iléru búrẹ́dì ṣe. Wáyà ní 720. Mo ń dín nọ́ńbà ìbọn kù díẹ̀díẹ̀ títí òun náà fi sọ 720. Mo tún rí i pé tí ìdọ̀tí bá bo ojú irin, tàbí tí mo bá dúró jìnnà, á tún bẹ̀rẹ̀ irọ́, torí ibi tó ń wò fẹ̀ ju àmì pupa tín-ín-rín tó máa ń tàn sójú irin lọ. Ni mo bá ní ká máa ha ojú irin mọ́ ká tó wò ó, mo sì fa ìlà sílẹ̀ níbi tí mo máa dúró sí. Ta ló kọ́ mi? Orí mi ni!

A dà á ní Tọ́sìdeè. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Hàjíyà fúnra rẹ̀ bomi sí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

“To. Ìbọn yìí mà dáa o. Ẹ kó wọn sínú mọ́tò.”

Mo fẹ̀ bí àkàrà inú epo, mo ń ṣàlàyé ìbọn fún dírẹ́bà rẹ̀. Málàm Ìdí kàn gbé ìkòkò kan lérí, ó ń lọ síbi mọ́tò.

Bàbá, òun ló kọ́kọ́ rí i pé irin ti tó ó dà, mi ò gbọ́. Mi ò tíì sọ fún un pé òun ló jàre. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Mo gbé fúrá fún un láàárọ̀ yìí, ó mu ún tán, ó dúpẹ́, mi ò lè sọ ọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín ná, bóyá á lè rọ̀ mí lẹ́nu.

Ọmọ yín aláròyé,
tó ń ṣàárò yín.