Ta Ló Kọ Gbólóhùn Karùn-ún?

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Baba Àga pè mí láàárọ̀ yìí. Baba Àga ni mò ń pe ọ̀gá àgbà nínú ìwé yìí, torí àga rẹ̀ ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ, tiwa tó wà níwájú rẹ̀ sì kúrú bí àpótí. Ó ní òun ti gba olùtọ́nisọ́nà kan fún mi. Kóòṣì. Mo ní ṣé bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ lọ gbá ni? Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní igbákejì òun máa fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹfà, orúkọ mi ló wà lókè, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan díẹ̀ tí mo ní láti tún ṣe. Kí ni nǹkan díẹ̀ náà? Kò sọ.

Obìnrin ni kóòṣì náà, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ó kéré sí àbúrò mi tó gbẹ̀yìn. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ — ìyẹn ò tàn mí jẹ. Ó ní ibi tí à ń lọ nìkan ni ọ̀gá àgbà máa mọ̀. Ohun tí a bá sọ lójú ọ̀nà, àárín èmi àti òun ló máa wà. Baba Àga mi orí. Ó tètè mi orí jù.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti wà ní ilé ìtẹ̀wé yìí, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti jẹ́ olórí ibi iṣẹ́. Wọn ò rán àlejò wá gbọ́ tẹnu mi rí. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Amí ni.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ìpàdé àkọ́kọ́, nínú yàrá kékeré òkè tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń já bébà. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Ìyá Ìbéèrè. Wákàtí kan gbáko, kò gbà mí nímọ̀ràn kan. Ìbéèrè ṣáá. Kí ni mo fẹ́ kó yàtọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti yàtọ̀? Tó bá béèrè tán, á dákẹ́, á máa wò mí. Èmi náà mọ̀ ọ́n dákẹ́. A jọ dákẹ́. Mo ka ọkọ̀ bébà méjì tó wọlé.

Ó ń kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan. Nígbà tó jáde lọ gba ìpè, mo nawọ́ fa ìwé náà díẹ̀, mo yọjú wò ó. "Ó ń ka ọkọ̀." Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Obìnrin yìí léwu.

Ó ní òun máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí èèyàn méje tí a jọ ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe rí mi. Òun fúnra òun ló máa tẹ̀ ẹ́ jáde, láìsí orúkọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Fọ́ọ̀mù ti dé ọwọ́ àwọn méje. Gbogbo wọn ló ń kí mi jù.

Ọjọ́rú, 12

Àbájáde dé. Ojú ìwé kan péré. Mo mọṣẹ́. N kì í pẹ́ dé. Mo gbèjà ẹni tó ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá. Ohùn mi ga. Gbólóhùn karùn-ún wá rèé, mo dà á kọ bó ṣe wà:

"Tí èèyàn bá gbé ìròyìn burúkú dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹni tó gbé e wá ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Ìròyìn náà á dúró síbẹ̀."

Ta nìyí? Ìyá Ìbéèrè ní kí ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo ní mo gbọ́ ohùn ẹni tí mo mọ̀. Ó ní tí mo bá wá rí ẹni náà ńkọ́, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo ní mo kàn fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ mì.

Mo kà á fún ìyàwó mi nídìí oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ju ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Wọn ò kàn fún mi ní fọ́ọ̀mù ni o. Èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ kọ ọ́." Mo bi í bóyá ẹnì kankan nínú àwọn méje yẹn máa ń pè é lórí fóònù. Ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ jẹun ní kíṣìnnì.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo ta ọgbọ́n. Mo ní kí oníkálukú nínú àwọn méje fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìròyìn ọ̀sẹ̀, gbólóhùn mẹ́wàá, kò gbọ́dọ̀ dín. Wọ́n rò pé kóòṣì ló kọ́ mi. Ohun tí mò ń wá ni bí kálukú ṣe ń to ọ̀rọ̀.

Wọ́n kó o wá. "Ohun gbogbo ń lọ dáadáa." "Kò sí wàhálà." "A dúpẹ́." Jẹ́jẹ́, obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ ìdìwé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀, kọ "ohun gbogbo ń lọ dáadáa" ní ìbẹ̀rẹ̀, ó tún kọ ọ́ ní ìparí. Ṣé èèyàn méje ni wọ́n, àbí ẹnì kan?

Àfi ti Ẹ̀gbọ́n. "A yẹ gọ́ọ̀mù wò, ó dáa. A yẹ abẹ ìgébébà wò, kò mú tó." Yẹ̀ wò. Yẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì!

Ẹ̀gbọ́n, tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká bébà nígbà tí mi ò tíì mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, tó máa ń fi àtàǹpàkò ka ojú ìwé gbogbo ẹ̀dà àkọ́kọ́ kí ó tó gbé e wá fún mi. Mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo gbé Ẹ̀gbọ́n lọ sí sítọ́ọ̀. Mo ní sítọ́ọ̀ nílò àgbàlagbà. Ó ní, "Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Mo ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, ọ̀gá." Àbúrò ló ti ń pè mí láti ọdún mọ́kànlélógún, níwájú òṣìṣẹ́, níwájú àlejò. Ó nu gọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀, ó ká épírọ́ọ̀nù rẹ̀ sí mẹ́rin, ó gbé e sórí tábìlì. Àyà mi já díẹ̀. Mo ní kó má já.

Iṣẹ́ pọ̀. Ìwé ìṣirò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dì í lónìí. Jẹ́jẹ́ gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ wá kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i lórí ìdúró. Mò ń wo Ẹ̀gbọ́n láti ojú gíláàsì bó ṣe ń gba àgbàlá kọjá.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo dẹ pàkúté. Mo sọ fún Ìyá Ìbéèrè pé ilé ìtẹ̀wé mìíràn ń pè mí, pé ó kù díẹ̀ kí n lọ. Irọ́ ni. Tí Baba Àga bá fi gbọ́ ọ, mo ti mọ ẹnu tó gbà jáde.

Ṣùgbọ́n ó bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ lọ. Mi ò múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Pé ó ti rẹ̀ mí. Pé tí mo bá wọlé, gbogbo ẹnu á pa dé. Pé èmi ni mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, bí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń yan àlè. Ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo jáde, mi ò mọ èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 24

Baba Àga ránṣẹ́ pè mí. Mo ní ó parí. Mo dé ibẹ̀, bébà tó pẹ́ kó tó wọlé ló ń béèrè. Kò sọ nǹkan kan nípa pé mò ń lọ. Kò tiẹ̀ wò mí lójú.

Ó ti gbọ́. Ó ń díbọ́n ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Baba Àga kí mi lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Ó ti gbọ́!

Ọjọ́rú, 26

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

Olùkọ́ kan ló pè láàárọ̀. Nínú ìwé ìṣirò, ojú ìwé 33 dé 48 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ló bá fò lọ sí 65. Mo sáré lọ sí sítọ́ọ̀, mo ṣí ogójì ìwé. Bákan náà ni gbogbo ogójì. Baba Àga fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi iṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yìí. Ó ní lójú gbogbo wa pé ẹni tó ṣe é máa lọ, kí n mú orúkọ rẹ̀ wá di ọjọ́ Ẹtì.

Mo bi wọ́n: ta ló rí i? Èèyàn mẹ́tàlá. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Mo pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ti ilẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ ló gbẹ̀yìn. Ó ní òun rí i ní ọjọ́ kejì. Mo ní kí ló dé tí kò sọ? Ó ní, "Ẹ ti fọwọ́ sí i, ọ̀gá. Kì í ṣe ẹnu tèmi ni wọ́n ti máa gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́." Ó yọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ nínú báàgì rẹ̀. Ojú ìwé 33 lẹ́ẹ̀mejì, ìbuwọ́lù mi lára ẹ̀yìn rẹ̀ gbàgàdà, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gbé e lọ sílé, tó ń gbé e bọ̀. Ẹ̀rù ń bà á kí n má lọ ní òun ló tò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ṣé èmi lẹ máa dárúkọ?"

Mo gba ẹ̀dà náà. Mo ní kó máa lọ sílé. Mi ò dá a lóhùn.

Ó wà nínú báàgì mi báyìí. Àwa méjèèjì nìkan la mọ̀. Tó bá sọnù, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, kò sí ẹni tó máa béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ méjì ló ní nílé ẹ̀kọ́. Mo mọ ohun tí mò ń rò, ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́bọ̀, 27

Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ fún Ìyá Ìbéèrè. Mo jókòó, mo yọ ẹ̀dà náà, mo gbé e sórí tábìlì. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti Ẹ̀gbọ́n. Mo sọ pé kò sí ilé ìtẹ̀wé kankan tó ń pè mí. Ó ní ara ti fu òun. Ó wá ní, "Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí?" Mo ní jọ̀ọ́, lẹ́ẹ̀kan péré láyé rẹ, sọ ohun tí màá ṣe fún mi. Kò sọ ọ́. Inú bí mi. Mo ní kí n tó dé ìsàlẹ̀ á ti débẹ̀ ròyìn fún ọ̀gá àgbà. Ó ní, "Ẹ lọ bi wọ́n léèrè, sà."

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Aago méje àárọ̀, mo wà níwájú àga gíga. Mo gbé ẹ̀dà náà kalẹ̀. Mo ní èmi ni mo fọwọ́ sí i láìṣí i. Ẹni tó máa ń kà á, èmi ni mo lé e kúrò níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ rí i, ó bẹ̀rù mi ni.

Mò ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti mọ̀. Kò mọ̀. Mo wá bi í tààrà: obìnrin yẹn ò sọ nǹkan kan fún yín? Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í nípa yín. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní tí mo bá tún béèrè, òun máa dá iṣẹ́ náà padà fún mi."

Ẹ̀ẹ̀mẹta! Amí wà lóòótọ́. Ẹni tó jókòó sórí àga gíga ni, ẹni tí mò ń ṣọ́ kọ́. Ó sọ ọ́ láìtijú, mi ò sì rí agbára láti bínú sí i.

Ó ní ká gbàgbé ọ̀rọ̀ igbákejì ná. Wọn ò lé mi. Wọn ò lé Jẹ́jẹ́. A máa tú ìwé náà, a máa tún un dì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, èmi náà á wà níbẹ̀. Mo sọ fún gbogbo wọn pé ìbuwọ́lù mi ni. Kò sí ẹni tó wojú mi. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Irinwó ìwé la tú. Ìka mi ti bó.

Ọjọ́ Ajé, 31

Mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n ní sítọ́ọ̀. Ó jókòó sáàárín ẹrù ìwé, ó ń so okùn. Mo sọ gbólóhùn karùn-ún fún un. Mo jẹ́wọ́ pé torí rẹ̀ ni mo fi gbé e wá síbí.

Ó so okùn náà tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò kọ nǹkan kan. Òun dá fọ́ọ̀mù náà padà lófìfo.

Mo ní kí ló dé?

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ máa wá ẹni tó kọ ọ́. Mo ní kó ṣáà má jẹ́ èmi."

Mi ò lè gbórí sókè. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun máa padà, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tí òun bá rí, òun lè sọ ọ́, kò ní di ẹjọ́ sí òun lọ́rùn. Kí n sì fọwọ́ sí i.

Mo rò pé àwàdà ni. Mo dúró kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé bébà lé ẹrù ìwé, mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Ó gbà á, ó wá awò ojú rẹ̀ jáde. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó kà á tán, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá mo kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀.