Ìwé Ilé Bàbá Wa

Rọfiat àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ ní Kánò. Ara Màmá ti ń yá, àfi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tó wọ́n.

Lánàá, nínú eré tẹlifíṣọ̀n tí à ń wò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Balógun, ọmọbìnrin kan dìde nípàdé ẹbí, ó ní kí wọ́n mú ìwé ilé bàbá òun wá. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Mo ti pàtẹ́wọ́ tán kí n tó rántí rẹ. Ohun tí ìwọ náà bèèrè nípàdé ẹbí wa lẹ́yìn ikú bàbá wa nìyẹn, tí mo ní, "Kúnlẹ̀, bẹ àbúrò bàbá wa. Obìnrin kì í bèèrè ìwé ilé." O kúnlẹ̀, wọ́n sì ta ọ̀kan nínú ilé bàbá wa méjèèjì. Má bínú sí mi.

Lẹ́yìn Iléyá, wọ́n fẹ́ ta èyí tó kù. Jọ̀ọ́, wá ká jọ bèèrè. Bí o kò bá wá, mi ò ní dá ọ lẹ́bi. Èmi nìkan á dìde. Kí Ọlọ́run dá gbogbo yín sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sàlámọ́tù