Iyọ̀ Inú Àpò Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ wádìí orúkọ mi. Bíríkìlà ni mí, ó sì ti rẹ̀ mí.

Ọmọkùnrin mẹ́rin ni Ọlọ́run fún wa. Onídìrí nìyàwó mi. Orí ọmọ ọlọ́mọ ló ń dì láti àárọ̀ dalẹ́, ó ní òun náà fẹ́ ọmọbìnrin tí òun máa dirun fún. Oníbàárà rẹ̀ kan wá sọ fún un pé obìnrin tí kò bá jẹ iyọ̀ kó tó lóyún, obìnrin ló máa bí. Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí tí ọbẹ̀ ilé wa ti tẹ́ bí omi òjò, torí ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ń jẹ. Tí mo bá sún mọ́ ọn lọ́jọ́ tí kò fi bírò sàmì sí lára kàlẹ́ńdà pé ó dára fún oyún ọmọbìnrin, á ní kí n lọ sinmi.

Mi ò bá a jà. Ẹni tó to búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ ò lágbára ìjà. Mo kàn ń fi iyọ̀ sápò ni. Tó bá ti yíjú, màá wọ́n díẹ̀ sóúnjẹ àwọn ọmọ.

Àṣé gbogbo ọ̀rọ̀ wa ló ń dé etí àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní Sátidé, bí mo ṣe ń wọ́n iyọ̀ sóúnjẹ rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, “Bàbá mi, ṣé iyọ̀ ni Màámi jẹ tí wọ́n fi bí mi lọ́kùnrin?”

Mo ní kó jẹun.

Ìyá rẹ̀ ò tíì mọ̀ pé ó bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí? Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti mú iyọ̀ jáde, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń bo abọ́ rẹ̀.