Gàrí ní àtẹ́lẹ́wọ́ mi

Sakété, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà

Èékánná mi ti dúdú tán báyìí, àtẹ́lẹ́wọ́ mi náà ti ń dúdú bọ̀. Dókítà ní oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí mi lára ló fà á, pé kì í ràn. Ṣùgbọ́n ta ni màá dúró ṣàlàyé ìyẹn fún lọ́jà?

Ìdí nìyí tí mo fi mú ṣíbí dání lónìí, kí àwọn oníbàárà má baà tọ́ gàrí wò lọ́wọ́ mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Àlàájà tó máa ń wá rajà láti Nàìjíríà wo ṣíbí, ó wò mí. "Ìyá Bísí, èwo ni ti ṣíbí? Ọwọ́ rẹ dà?"

Mo tẹ́wọ́. "Oògùn ló sọ ọ́ dà báyìí, Àlàájà."

Ó bu gàrí sí àtẹ́lẹ́wọ́ mi fúnra rẹ̀, ó bù ú sẹ́nu, ó rún un. "Ó kan dáadáa. Wọn tèmi."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa ọwọ́ náà ni, síbẹ̀ kò kọ̀ ọ́. Ara tù mí díẹ̀.

Àlàájà ò mọ oore tó ṣe mí. Láti ìgbà tí oògùn yìí ti wọ ara mi, bí irin ni gbogbo nǹkan ń rí lẹ́nu mi. Àtàárọ̀ ni mo ti ń ta gàrí yẹn, n ò mọ̀ bóyá ó kan.