Bàálù Káyọ̀dé àti Àga Yín

Bàbá mi tí ọkàn mi ò gbàgbé,

Mo ti ṣègbéyàwó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó mí, nítorí ó ti pẹ́ láyà mi. Èmi àti Káyọ̀dé lọ sí kóòtù láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan àti ọ̀rẹ́ mi kan bá wa fọwọ́ síwèé, a jẹ mọ́ínmọ́ín ní Kétu, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Inú ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi òrùka pamọ́ sí kí Màmá má baà rí i. Inú mi ń dùn débi pé mi ò lè sùn, ẹ̀rù sì ń bà mí débi pé mi ò lè jẹun. Ṣé bó ṣe ṣe ẹ̀yin náà nìyẹn nígbà tí ẹ fẹ́ Màmá?

Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ àbúrò yín ló jẹ́ ká ṣe é ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní fa ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn lé ọmọkùnrin tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́ lọ́wọ́. Gbájúẹ̀ ni, wọ́n ní, kò sí iṣẹ́ míì tó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí ẹ ti re ọ̀run, àwọn nìkan ló kù tó lè jókòó sórí àga yín níbi ìdána, kí wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí. Bí wọn ò bá jókòó, ta ni yóò jókòó? Ìwé kóòtù ò lè gbàdúrà fún mi.

Bàbá, iṣẹ́ ọkọ mi rèé, mo ti mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀. Eré kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń wa bàálù láì dìde níbi tó jókòó sí. Káyọ̀dé ń ṣe bàálù tuntun sínú ẹ̀ fún àwọn kan nílùú òyìnbó tí wọ́n fẹ́ràn eré náà. Kì í bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ó máa ń mú kóòdù, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, lára bàálù tí ẹlòmíì ti ṣe, á wá tún un tò sínú tuntun, bí ẹ ṣe máa ń tú gíà lára mọ́tò àtijọ́ ní Owódé Onírin tí ẹ ó sì gbé e sínú òmíràn. Ṣé ẹ rántí pé ẹ máa ń fi ìka gbá irin, tí ẹ ó gbé e sétí kí ẹ tó rà á? Mo ṣì máa ń rí yín bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni mo sọ fún Màmá. Wọ́n sunkún, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n sì pe Bọ̀ọ̀dá lórí fóònù. Bọ̀ọ̀dá ò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n kàn ní kí ọmọkùnrin náà máa retí àwọn, àwọn ń bọ̀ wá fojú ara àwọn rí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn á sọ bóyá àwọn á jókòó.

Àná ni wọ́n dé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já àlùbọ́sà nínú tírélà wọn ní Mile 12 ni, òórùn ẹ̀ sì gba gbogbo yàrá Káyọ̀dé kan. Kò síná, jẹnẹrétọ̀ la tàn. Káyọ̀dé ṣí bàálù tuntun. Bàálù náà sáré, ó gbéra, ó ń kọjá lórí ọ̀sà, Bọ̀ọ̀dá sì ti ń fa àga súnmọ́ ọn. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí aago ìkìlọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí iná pupa tàn, tí ọ̀rọ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà pé ẹ́ńjìnnì kẹta àti ìkẹrin ti kú.

Bọ̀ọ̀dá wo apá ọ̀tún, wọ́n wo apá òsì. “Ẹ́ńjìnnì méjì ni mò ń rí. Èwo ni ìkẹta àti ìkẹrin tó kú?”

Òógùn bo Káyọ̀dé. Ó ní ara bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin lòun ti mú kóòdù aago náà, òun sì gbàgbé láti sọ fún un pé méjì péré ló wà lára tuntun.

“Ìyẹn ni pé ti ẹlòmíì ni. Ìyàwó kóòtù, ṣé o gbọ́ ohun tí ọkọ ẹ sọ?”

Bàbá, Káyọ̀dé ò bá wọn jiyàn. Ó ṣí kóòdù náà fúnra ẹ̀, ó ní kí n kà á sókè. Orúkọ bàbá òyìnbó kan tó kọ́kọ́ ṣe é ló wà lókè pátápátá, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè lò ó bí kò bá ti yọ orúkọ òun. Lábẹ́ ẹ̀ ni orúkọ Káyọ̀dé wà, àti ohun tó yí padà. Bọ̀ọ̀dá bi í bóyá orúkọ òyìnbó náà ṣeé yọ. Ó ní ó rọrùn, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n ní kí ló wá dé tí kò yọ ọ́.

“Òun ló kọ́kọ́ ṣe é, sà.”

Bọ̀ọ̀dá dìde. “Olè kì í kọ orúkọ olóhun sára ohun tó jí. Pa aago yẹn jàre, ó ti sú mi.”

Mo sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti máa wọkọ̀. Ẹ̀bá gọ́tà ni wọ́n ti sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀rù Káyọ̀dé nìkan ló ń ba àwọn, ẹ̀rù àga yín náà ni. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ń yára gba ipò yín. Àwọn á jókòó, ṣùgbọ́n káwọn tó fọwọ́ kàn mí, àwọn á kọ́kọ́ pe orúkọ yín sókè, pé ẹ̀yin lẹ lọmọ, ẹ̀yin lẹ làdúrà. Àdúrà tí ẹ gbà fún Sístà Ṣadé ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ ìdána wọn, Bọ̀ọ̀dá ṣì mọ̀ ọ́n sórí, òun náà ni wọ́n máa gbà fún mi, wọ́n á kàn yí orúkọ padà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, obìnrin kan tó ń kiri ọjà dúró ń wò mí.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá gbàgbé láti yí i ńkọ́? Bí wọ́n bá gbàdúrà fún Ṣadé lórí mi, tí wọ́n ń tọrọ ọmọ fún ẹni tó ti bí mẹ́ta? Mo ti ní kí Màmá jókòó súnmọ́ wọn. Aago Káyọ̀dé ṣì ké láàárọ̀ yìí, ó ní òun ti ń rí ibi tó ti ń ṣe é. Bàbá, ṣé inú ò bí yín pé mo lọ sí kóòtù? Bí wọ́n bá pe orúkọ yín, ṣé ẹ máa gbọ́?

Sístà Ṣadé ń bọ̀ láti Ìbàdàn, àwọn ará Ìsẹ́rí Olówóra náà ń bọ̀, ilé Màmá ní Ìkòsí ni gbogbo wa máa pé sí kí oòrùn tó mú. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń gbọ̀n tó sì ń rẹ́rìn-ín, tó ń retí yín níbi ìdána lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá.