Iná Àsìkò Sààrì

Ìyá àgbà mi,

Mo kí yín, mo kí Bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi Itto tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ara mi le, àmọ́ olú-ìlú Rabat yìí tóbi, n kò sì tíì ní ọ̀rẹ́ kankan.

Lánàá, kíláàsì wa ní yunifásítì ń ṣètò iná oòrùn tí wọ́n fẹ́ gbé wá sí àwọn abúlé òkè wa. Wọ́n ṣírò bátìrì bí ẹni pé gbogbo ilé ló ń sùn di òwúrọ̀. Mo nawọ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, sààrì ńkọ́?"

Anas, ọmọ ìlú ńlá, bú sẹ́rìn-ín. "Ará oko! Oúnjẹ ló ń rò."

Mo ní, "Nínú àwẹ̀, gbogbo ilé ló máa tanná lẹ́ẹ̀kan náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bátìrì á tán, fìríìjì ilé ìwòsàn á kú, abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ á sì bàjẹ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Laraki wo ìṣirò náà títí, ó sì pa á rẹ́. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá àgbà mi ni. Àwọn ló máa ń kan ilẹ̀kùn jí gbogbo abúlé fún sààrì."

Anas fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bí àwẹ̀ bá dé, ẹ bá mi ka iye ilé tó bá dá yín lóhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní iye tí ẹ bá kà la máa fi ṣe ètò náà. Kí Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ yín lágbára dé ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn.

Ọmọ-ọmọ yín,
Tuda